Kí Ni O Fi Ta Ara Rẹ Lọ́rẹ Ní Òpin Ọ̀sẹ̀?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ó gbé e wá bá mi. Iṣẹ́ alágbàṣe ni ó ń ṣe ní ìhà Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ebè ni ó ń kọ. Ẹni tí kò bá kọ ebè rí lè rò pé eré ni. Kí ó bi ẹni tí ó ti di ọkọ́ mú láti ẹ̀yìn ìrun Àsùbáà títí oòrùn fi kan àtàrí. Láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Àlàmísì, igba ebè ni ọmọkùnrin yìí máa ń kọ lójúmọ́, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ó ní kí ọkàn òun má baà rẹ̀wẹ̀sì, òun ní àdéhùn kan pẹ̀lú ara òun. Bí ẹgbẹ̀rún bá pé ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, ní ọjọ́ Jímọ̀ òun yóò wẹ̀, òun yóò wọ aṣọ funfun kan tí òun kì í wọ̀ ní ọjọ́ mìíràn, bí a bá sì kírun Jímọ̀ tán, òun yóò jókòó sí ilé oúnjẹ ìyá kan, òun yóò jẹ ìrẹsì àti ẹja díndín. Bí ẹgbẹ̀rún kò bá pé, ẹ̀bà ni òun yóò jẹ bí ti ojoojúmọ́. Ó ní bí òun bá ti kọ ebè dé àádọ́jọ, tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro òun, ẹja yẹn ni òun máa ń rí níwájú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́, ó sì bá a wí. Ó ní Mùsùlùmí kì í ṣiṣẹ́ nítorí ẹja, nítorí Ọlọ́run ni Mùsùlùmí ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹni tí ó bá ń fi oúnjẹ tan ara rẹ̀, ikùn ni ó ń sìn. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Ó pa ẹja tì. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ebè rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rin lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dá ọkọ́ padà fún olóko láàrin iṣẹ́, wọ́n sì bínú túká. Ìgbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ẹni tí yóò gbé ọ̀kadà fún un ní gbèsè ni ó ń wá kiri, ó fẹ́ kúrò lóko pátápátá. Lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì ni ó wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní, “Ààfáà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹja yẹn ni?”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ ẹja yẹn tóbi. Ó ń bèèrè bóyá ẹni tí ó bá fi ohun kékeré ti ayé gún ara rẹ̀ ní kẹ́ṣẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bóyá onítọ̀hún ti ba àníyàn rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rán an létí ni ààwẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé nítorí Ọlọ́run nìkan ni a ń gbààwẹ̀? Síbẹ̀, nínú àdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì (S.A.W.) jẹ́ kí a mọ̀ pé ayọ̀ méjì ni aláààwẹ̀ ní: ọ̀kan nígbà tí ó bá ń ṣínu, èkejì nígbà tí ó bá pàdé Olúwa rẹ̀. Ànábì kò ní kí a tijú ayọ̀ kìíní nítorí èkejì. Ó kà wọ́n pọ̀ ni. Ẹni tí ó ń wo oòrùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ó ń gbóòórùn àkàrà láti ilé kejì, kò tíì sọ ààwẹ̀ rẹ̀ nù. Ọlọ́run tí Ó ní kí a gbààwẹ̀ náà ni Ó fi oúnjẹ sí ìparí rẹ̀.

Ẹ tún wo èyí tí Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh (R.A.) sọ nípa ààwẹ̀ Àṣúúrà. Ó ní àwọn máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké náà gbà á. Bí ọmọ kan bá ń sunkún oúnjẹ, wọn a fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún un, títí àkókò ìṣínu yóò fi dé. Ìwọ̀nyí ni ìran tí ó dára jù nínú Ìsìláàmù, wọ́n sì mọ̀ pé ọkàn ènìyàn ń fẹ́ ohun tí yóò dì mú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ànábì Mọ́ṣé (A.S.) ńkọ́? Súrà Kásásì, láti àáyà kẹrìndínlọ́gbọ̀n, sọ fún wa bí bàbá àgbà ará Mádíyánà ṣe gbà á síṣẹ́: ọdún mẹ́jọ, bí ó bá sì fẹ́ kí ó ṣe é pé mẹ́wàá, ìyàwó ni èrè rẹ̀. Ànábì Ọlọ́run ni, ó da ẹran fún ọdún gbọọrọ, ó sì mọ ohun tí ó ń tìtorí rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó pè é ní olójúkòkòrò.

Àwọn baba wa ní ilẹ̀ yìí pàápàá mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Bí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, tí ogún ọkùnrin wá bá a ṣán oko, ìyàwó rẹ̀ ti ń gún iyán ní abà kí oòrùn tó yẹ̀. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ń gbọ́ odó náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe àáró náà, tí wọ́n ń ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹnì kejì, ẹni tí ó bá kàn ni yóò bọ́ wọn. Àwa tí a sì kàwé ní ilé kéwú, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ní ilé kéwú tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, bí ó bá ti di Àlàrùbá, a ó kó owó ọ̀sẹ̀ wá fún Ààfáà, a ó sì ti mọ̀ pé Àlàmísì àti Jímọ̀ jẹ́ tiwa. Ọwọ́ tí a fi ń fọ wàláà ní ọjọ́ náà yàtọ̀! Ọmọ tí ó bá sì ka súrà kéékèèké láti Nási dé Fíìlì, ìyá rẹ̀ a din àkàrà wá, gbogbo wa a sì jẹ nínú rẹ̀. Mo rántí pé mo há Fíìlì mọ́ orí láàrin ọjọ́ méjì. Wòlímọ̀tù tí a ń ṣe títí di òní, tí a ń wọ aṣọ tuntun, tí a ń gun ẹṣin nígbà mìíràn, kí ni a rò pé ó wà fún? Kí ọmọ lè rí òpin ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Mo ti jẹ àkàrà Fíìlì tán tipẹ́, ṣùgbọ́n Fíìlì wà ní orí mi.

Nítorí náà mo dá a lóhùn pé ẹja kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ láìnídìí, ó ní ohun tí ó ń bẹ̀rù. Gbogbo wa ni a mọ àdíìsì ti Umar (R.A.) tí Bukhari fi ṣíwájú ìwé rẹ̀, pé àníyàn ni a fi ń wọn iṣẹ́. Bí ọmọ yìí bá ń kọ ebè kí ó lè jẹun hàlálì, kí ó lè rán owó sí ìyá rẹ̀, kí ó má tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìjọsìn ni. Ẹja kì í ṣe ìdí tí ó fi ń kọ ebè. Ohun tí ó fi ń ti ara rẹ̀ dé orí igba ni. Ìyàtọ̀ wà láàrin ibi tí ènìyàn ń lọ àti ọ̀pá tí ó fi ń tilẹ̀ lọ síbẹ̀. Mu'adh (R.A.), nígbà tí òun àti Abu Musa ń sọ̀rọ̀ nípa ìrun òru ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n, sọ pé bí òun ti ń retí láádá lórí ìdìde òun ni òun ń retí rẹ̀ lórí oorun òun. Oorun! Ẹni tí ó bá sùn kí ó lè ní agbára àtijọ́sìn ń gba láádá lórí ìbùsùn. Ẹni tí ó bá jẹ ẹja kí ó lè padà sóko ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bàjẹ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé èmi gan-an ti ṣubú síbẹ̀. Ní ọdún tí mo ń kọ ìwé àṣekágbá mi ní yunifásítì, mo ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, òru nìkan ni mo fi ń kọ̀wé. Mo bá ara mi ṣe àdéhùn pé bí mo bá kọ ojú ewé mẹ́wàá láàrin ọ̀sẹ̀, n ó ra súyà ní alẹ́ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ déédéé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní alẹ́ Àtàláátà, mo kọ ojú ewé mẹ́ta, mo wò ó pé mo ti gbìyànjú, mo sì lọ jẹ súyà ti Sátidé. Mo ní n ó san án padà. Nígbà tí yóò fi di Sátidé, ojú ewé mẹ́ta yẹn náà ni ó wà nílẹ̀. Kò pẹ́ tí súyà fi kéré lójú mi. Ó di bàtà, ó di jàlàbíyà tí mo gbà láwìn lọ́wọ́ aláṣọ, tí mo sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má baà rí mi. Bí àgbẹ̀ tí ó jẹ èbù iṣu rẹ̀ kí òjò tó rọ̀ ni mo rí. Ní Súrà Náhílì, àáyà kejìléláàádọ́rùn-ún, Ọlọ́run kìlọ̀ pé kí a má ṣe dà bí obìnrin tí ó ran òwú rẹ̀ tán, tí ó le dáadáa, tí ó tún tú u palẹ̀. Ìbúra àti májẹ̀mú ni àáyà náà ń wí, ṣùgbọ́n mo rí ara mi níbẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá wọlé, tí ẹ̀bùn tí o fún ara rẹ gba ìdajì rẹ̀, èyí kì í ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ mọ́, olè ni. Tẹ́tẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń ta ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ní fàájì àwọn ni, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: Súrà Máídà, àáyà àádọ́rùn-ún, ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó jẹ́ hàrámù kò lè jẹ́ èrè fún iṣẹ́ hàlálì.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀, nítorí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín púpọ̀. Ẹnì kan yóò ní, “Wàlàhí, bí n kò bá ṣe iṣẹ́ yìí tán, n kò ní fẹnu kan ẹran títí Jímọ̀.” Ẹ ṣọ́ra. Àdéhùn tí o bá ọkàn rẹ ṣe lásán, bí ó bá yẹ̀, ìwọ àti ara rẹ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ti fi orúkọ Ọlọ́run dè é, ó ti di ìbúra. Bí o bá wá jẹ ẹran ní Àlàrùbá láìṣe iṣẹ́ náà tán, ìtánràn ti dé: Súrà Máídà, àáyà kọkàndínláàádọ́rùn-ún, ní kí o bọ́ mẹ́kúnnù mẹ́wàá tàbí kí o fi aṣọ bò wọ́n tàbí kí o dá ẹrú sílẹ̀, ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀ ni yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló dé tí o fi fẹ́ bọ́ ènìyàn mẹ́wàá nítorí ègé ẹran kan? “Bí Ọlọ́run bá fẹ́” ni kí o sọ, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ Jímọ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọjọ́ tí iṣẹ́ jẹ́ èèwọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsìláàmù kò ní ọjọ́ tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ wọ́ sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Súrà Káfù, àáyà kejìdínlógójì, jẹ́ kí a mọ̀ pé Ọlọ́run dá sánmà àti ilẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà, àárẹ̀ kankan kò sì kàn Án. Nínú Súrà Jímọ̀, ohun tí Ó pa láṣẹ ni pé kí a fi òwò sílẹ̀ nígbà tí a bá pe ìrun, bí a bá sì kírun tán, kí a tú ká lórí ilẹ̀, kí a wá oore Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ànábì (S.A.W.) ṣe ṣe ọjọ́ náà lọ́ṣọ̀ọ́: ìwẹ̀, aṣọ tí ó dára, lọ́fíńdà. Ó sì ṣe láádá ní ìpele ìpele fún ẹni tí ó bá tètè dé mọ́ṣáláṣí: ẹni àkọ́kọ́ dà bí ẹni tí ó fi ràkúnmí ta Ọlọ́run lọ́rẹ, ẹni tí ó tẹ̀lé e màlúù, lẹ́yìn náà àgbò, lẹ́yìn náà adìẹ, lẹ́yìn náà ẹyin. Ìwẹ̀ àti aṣọ funfun tí ọmọ Lálúpọn yìí ń fi tu ara rẹ̀ nínú, súnnà ni, kò sì mọ̀. Mo sọ fún un pé kí ó kàn fi àníyàn sí i, kí ó sì tètè dé.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni mo ń sọ. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ní ìhà Àkànrán, ní Ọ̀nà-Àrà, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń yan gààrí láti Àtìní dé Sátidé. Èéfín ń wọ̀ wọ́n lójú, agbada ń jó wọn lápá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé Àsàlátù ọjọ́ Àìkú ni òun máa ń wò níwájú: kí òun di irun, kí òun lo lẹ́ẹ̀lì, kí òun jókòó láàrin ẹgbẹ́ òun níbi tí kò sí iná. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà púpọ̀, bí Àìkú bá ti mọ́, aṣọ àwọn ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti kún ọpọ́n, wọn a ní, “Ṣebí o ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí.” Ẹ̀yin ọkùnrin inú ẹgbẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ṣé èyí dára? Ẹ̀yin sinmi lórí ẹní, ìsinmi tirẹ̀ wá di aṣọ yín. Ànábì (S.A.W.) sáré ìje pẹ̀lú Aisha (R.A.). Ní ọjọ́ ọdún tí àwọn ará Àbísíníà ń fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí, ó dúró kí ó lè máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì kúrò títí ó fi sú Aisha fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù ìmáàmù gbogbo ayé rí àyè dúró fún fàájì ọmọdébìnrin. Ẹ fọ aṣọ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ń gba ènìyàn síṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Mọ́níyà tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, owó òpin ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn yín. Nínú àdíìsì kan tí Bukhari gbà wá, Ọlọ́run ka ènìyàn mẹ́ta tí Òun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó gba alágbàṣe, tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé, tí kò sì fún un ní owó rẹ̀. Ọmọ tí ẹ sọ fún ní Sátidé pé kí ó padà wá ní Àtìní ti ná owó náà lọ́kàn rẹ̀ láti Àlàrùbá. Ẹ ti gba òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tí Hanzalah (R.A.) wá bá Ànábì, tí ó ń bẹ̀rù pé òun ti di mùnáfíkì nítorí pé bí òun bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tí òun dé àárín ìyàwó àti ọmọ, ọkàn òun kì í rí bákan náà mọ́, Ànábì kò bú u. Ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé wákàtí kan wà fún èyí, wákàtí kan sì wà fún ìyẹn. Èyí ni mo fi parí ọ̀rọ̀ mi fún ọmọ Lálúpọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a sì jọ lọ bẹ olóko. Bàbá náà kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní alágbàṣe tí ó dá ọkọ́ padà láàrin ọ̀sẹ̀ yóò tún dá a padà. Nígbà tí ó yá, ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí poro tí ó fi sílẹ̀.

Ó ti tó oṣù méjì báyìí. Ilẹ̀ le nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ó ti yí àdéhùn rẹ̀ padà: àádọ́jọ ebè lójúmọ́ ni títí òjò yóò fi rọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà tó olóko létí kí ó má baà dà bí ìrẹ́jẹ. Ẹja méjì ni ó ń rà ní ọjọ́ Jímọ̀ báyìí, ó ń fi ewé di ọ̀kan lọ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì gba ọ̀rọ̀ mi wọlé tán. Ó rán an sí mi pé òun ń bọ̀ ní Àsàlátù ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Mo ti sọ fún un pé kí ó máa bọ̀, kí ó sì mú àbúrò rẹ̀ dání.